Ẹ̀wù Tí Ìyá Aránṣọ Rán fún Kọ̀ǹpútà

Kò sí ohun tó wọ ilé Ìyá Aránṣọ tó ń wà níhòòhò. Rédíò wọṣọ. Kẹ́tùlù wọṣọ. Àga ilé ìdáná pàápàá wọ ìbọ̀sẹ̀ sẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń sọ pé òun kì í jókòó pẹ́ lójú kan nínú ilé yìí, kí wọ́n má baà wọn òun mọ́ àga.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ wọn obìnrin ra kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí wọn, kò pẹ́ tí àpótí rẹ̀ fi ní ẹ̀wù tirẹ̀: ẹ̀wù olódòdó pupa, tó lẹ̀ mọ́ ọn lára pẹ́kípẹ́kí láti orí dé ẹ̀yìn, tó ní bọ́tìnnì níwájú níbi tí wọ́n ti ń tàn án. Ìgékù aṣọ àkọ́kọ́ tó rán fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló fi rán an. Bí eruku bá ń wá ibi tó máa wọ̀, kó lọ sílé ẹlòmíràn.

Nítorí ọmọ-ọmọ náà gan-an ni kọ̀ǹpútà ṣe wà. Ọ̀nà wọn jìn síra, ojú kọ̀ǹpútà sì ni ọmọdébìnrin náà ti ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Inú Ìyá Aránṣọ dùn dé ibi tí adùn dé. Ọmọ tó bí kò fẹ́ràn abẹ́rẹ́ rárá. Ìyá Aránṣọ ti gbà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ yìí á parí sọ́wọ́ òun ni.

Àfi bí kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀ wèrè. Wọ́n á máa bọ́rọ̀ lọ, ojú rẹ̀ á ṣàdédé dúdú, á kú. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún fúnra rẹ̀ jí bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Bàbá yí ihò iná padà. Ó yọ wáyà, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ó bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bẹ́ẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n bọ́ ẹ̀wù kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Odidi ọjọ́ kan ni kọ̀ǹpútà fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò kọsẹ̀.

"Màmá, kò sóhun tó ṣe é o," ni ọkùnrin náà wí.

"Iṣẹ́ ojú ayé ló ń ṣe fún yín," Ìyá Aránṣọ dáhùn. Ó gbé e délé, ó wọ ẹ̀wù fún un, ó sì de bọ́tìnnì.

Sátidé tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ di ńlá. Ọmọ náà rán apá aṣọ rẹ̀ lódì, inú di òde.

"Tú u, ìyá mi, ká tún un rán," ni Ìyá Aránṣọ wí.

Ojú ọmọ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Mi ò tú u o. Àtàárọ̀ ni mo ti wà lórí ẹ̀. Màmá Àgbà, ẹ jẹ́ n kúkú fi aṣọ yìí sílẹ̀."

Ìyá Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu láti pẹ̀tù sí i nínú ni kọ̀ǹpútà kú.

Kò pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ fi pè lórí fóònù. "Màmi, ọmọ yìí ń sunkún o. Ó ní inú bí yín lẹ ṣe pa á mọ́ òun lójú. Ó ti ká aṣọ kúrò nílẹ̀, ó lóun ò rán mọ́."

"Gbé fóònù fún un."

"Kò gbà á, Màmi."

Ara bu Ìyá Aránṣọ máṣọ. Ó sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ó ti jí, ó sì tún ti kú. Ó dì mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó sì yára fò sẹ́yìn.

"Yéè! Ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù!"

Bàbá sún mọ́ ọn. Ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn àpótí náà, níbi tí aṣọ ti bo àwọn ihò tí fáànù inú rẹ̀ fi ń mí.

"Ìyá Aránṣọ," ó rọra wí, "ẹ́ńjìnnì tó bá gbóná jù, kíkú ló ń kú. Tó bá tutù, á tún ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tó lò lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn, ṣé ó wọṣọ?"

Kò wọṣọ. Ìyá Aránṣọ wo ẹ̀wù náà, ó dùn ún wọ egungun. Kò tíì rán ohun tó bá ara mu tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ká kúkú bọ́ ọ, ká jù ú nù," ni bàbá wí.

"Rárá. Bọ́ ọ fún mi, kí nǹkan yìí tutù. Lẹ́yìn náà, pè wọ́n. Ní kí ọmọ yẹn wá wo bí èmi náà ṣe ba iṣẹ́ jẹ́."

Nígbà tí ọmọ náà yọjú lórí kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ ṣì wú. "Màmá Àgbà, ẹ ò bínú mọ́?"

"Mi ò bínú rí, ìyá mi. Kọ̀ǹpútà ló kú. Ẹ̀wù tí mo rán fún un ni kò jẹ́ kó rí èémí mí." Ó gbé ẹ̀wù olódòdó náà sókè, ó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó sì gé fèrèsé ńlá sí i.

"Ẹ ti bà á jẹ́!" ọmọ kígbe. "Aṣọ tó rẹwà yẹn!"

"Ó rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ kò ṣe é wọ̀. Jẹ́ n tún un ṣe."

Ó mú abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ etí fèrèsé náà. Kò bẹ ọmọ pé kó tú ohunkóhun. Kọ̀ǹpútà dúró níhòòhò lórí tábìlì, kò kú. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbọ́ ìró kékeré láti ọ̀nà jíjìn: pẹ́, pẹ́, pẹ́. Òwú ló ń já. Ọmọ náà ti tẹ orí ba, ó ń tú apá aṣọ rẹ̀.

Ìyá Aránṣọ kò gbójú sókè. Ó rẹ́rìn-ín sínú ẹ̀wù kọ̀ǹpútà, ó sì ń ṣẹ́ etí lọ.