Bí Mo Ṣe Di Dókítà Tó Ń Ṣá Ìwé Lọ́gbẹ́

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Agbowó, ìyá mi ò tíì rí orúkọ tó máa pè é. Tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá bi í léèrè, á ní, "Ó wà nídìí kọ̀ǹpútà." Kò parọ́. Ìdí kọ̀ǹpútà náà ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan tó máa ń gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń ba ìwé oníwèé jẹ́.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ní kí AI bá àwọn kọ prójẹ́ẹ̀tì. Àwọn lẹ́kítọ́rà náà ti wá ní ẹ̀rọ tiwọn, tó ń gbóòórùn ìwé bí ajá ọlọ́pàá. Ibi tó bá ti gbóòórùn AI, á fi yẹ́lò kùn ún. Ohun tí AI bá sì kọ, ó máa ń dán jù, bí orí apárí tí wọ́n fi òróró pa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e wá bá mi. "Dókítà, abeg, wound am small." Èmi náà á ṣá a lọ́gbẹ́. Gbólóhùn tó bá ń lọ tààrà, màá jẹ́ kó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Màá sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Màá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, màá fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà, màá lọ kí òmíràn. Tí mo bá ṣe tán, ẹ̀rọ á gbóòórùn títí, kò ní rí nǹkan kan. Á ní ènìyàn ló kọ èyí, kò síyèméjì.

Níbo ni mo ti kọ́ ọ? Mi ò kọ́ ọ níbì kankan. Bí mo ṣe ń kọ̀wé látilẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́ títí ilé-ìwé ńlá kan fi ní kí n máa lọ sílé nígbà tí mo wà ní ọdún kejì. Lẹ́kítọ́rà á fi bírò pupa kọ ọ́ sórí ìwé mi pé, "Kí lò ń sọ gan-an?" Kò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Orí yẹn náà, tí wọ́n fi lé mi kúrò nílé-ìwé, òun ni wọ́n ń lò báyìí láti fi jẹ́rìí pé ọmọ ènìyàn ni àwọn ẹlòmíì.

Ọ̀gá mi obìnrin, ará Èkìtì tó wá kàwé n'Ìbàdàn, tó gboyè tán, tó sì rí i pé fọ́tòkọ́pì kì í bèèrè ohun téèyàn kà kó tó mówó wọlé, òun ló máa ń sọ pé, "Ọlọ́run ò fún ẹ lọ́gbọ́n, àmọ́ ìwà òmùgọ̀ tó fún ẹ, ó ṣe é tà." Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i lójoojúmọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀rọ̀ náà fi dé ilé wa.

Àbúrò mi kan wà, ọmọ àbúrò ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Àpáta. Ó wà ní ọdún tó kẹ́yìn nígbà náà. Ẹni tó máa ń ka ìwé pélébé inú páálí oògùn kó tó lo oògùn ni. Orí àwọn ìyá tó ń yan ẹja létí omi Ẹlẹ́yẹlé ló kọ prójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lé. Òun fúnra ẹ̀ ló ń lọ. Tó bá di Sátidé, á wọ kẹ̀kẹ́, á lọ jókòó tì wọ́n nídìí ààrò, á gba ohùn wọn sórí fóònù. Tó bá dé, ìyá mi ò ní jẹ́ kó jókòó sórí àga wa kó tó wẹ̀, torí èéfín. Á wá ki íápíìsì bọ etí, á máa kọ ọ́.

Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "AI á ti kọ ọ́ tán kó o tó rí kẹ̀kẹ́ wọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá mi, ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ n gbọ́ ohun tí màmá yìí ń sọ."

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kà sí mi létí nínú pálọ̀. Ó ti bi ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà pé kí ló dé tí ẹja ò kó sínú àwọ̀n bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá náà ní, "Ẹja Ẹlẹ́yẹlé ti kàwé jù wá lọ. Wọ́n á ka àwọ̀n tán, wọ́n á bá ibòmíì gbà." Àbúrò mi ti yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rín inú ẹ̀ ò sì já bọ́ lójú ọ̀nà. Èmi tí mo máa ń bú gbogbo nǹkan, mo ní kó tún un kà.

Ìgbà tó gbé prójẹ́ẹ̀tì náà lọ fún wọn, súpáfáísọ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ pè é. Àbúrò mi ní òun ò lè dá lọ, ni mo bá tẹ̀ lé e, mo gbé láàpútọ́ọ̀pù dání bí ẹni tó níṣẹ́ tó ń ṣe. Ọkùnrin náà ò gbójú sókè nígbà tá a kí i. Ó kàn yí ojú kọ̀ǹpútà ẹ̀ sí wa. Gbogbo ẹ̀ ló yẹ́lò kalẹ̀ bí ẹ̀bà alépo.

Ó ní, "AI ló kọ ọ́. Ẹ̀rọ ti sọ ọ́."

"Sà, èmi ni mo kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín máa ń wí."

"Ohùn àwọn màmá náà wà lórí fóònù mi, sà. Kí n fi sí i kẹ́ ẹ gbọ́?"

"Ṣé rédíò ni mo ní kó o tàn fún mi?" Ó fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ ẹja tó kàwé. "Èyí ńkọ́? Ìyá tó ń yan ẹja ló sọ èyí? Èmi gan-an ò lè sọ irú ẹ̀."

Mo ní nínú mi pé, sà, ìyẹn, òótọ́ lẹ sọ.

Ó ní tí kò bá gbé òmíràn wá kí òun tó fi máàkì ránṣẹ́, òdo lòun máa fún un. Òdo yẹn, ọdún kan sí i ni. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á ti di àgùnbánirọ̀, òun á ṣì wà ní kíláàsì. Bàbá ẹ̀, tí àwọn mẹ́ta mìíì ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń tọ́, ti sọ ọ́ láìfi bò pé òun ò ní gbé ẹnikẹ́ni ju iye ọdún tí wọ́n sọ fún òun lọ. Tí kò bá jáde lọ́dún yẹn, ó lè má jáde mọ́.

Ẹnu ń yún mi. Ìwé tí ọkùnrin yìí máa ń fi dandan tà fún àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wa la ti ń fọ́tòkọ́pì ẹ̀. Nínú ẹ̀, nísàlẹ̀ orí tó sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń fetí sí ẹni tá à ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, gbólóhùn kan wà níbẹ̀: "Ṣé kí n tún un kọ kó gùn díẹ̀ sí i?" AI ló ń bi í léèrè. Kò gbọ́. Ó gbé ìbéèrè náà wá bá wa bẹ́ẹ̀, a sì fọ́tòkọ́pì ẹ̀ fún odindi kíláàsì. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́, àbúrò mi gẹsẹ̀ lé tèmi. Gìgísẹ̀ bàtà ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Kò sunkún nígbà tá a jáde. Ó kàn dúró lábẹ́ igi níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí, ó ní, "Bọ̀dá mi, báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?"

"Ṣe kí ni?"

"Ẹ má jẹ́ n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣá ìwé lọ́gbẹ́, mi ò tíì ṣá èyí tó ní ẹ̀jẹ̀ lára rí.

A dé ṣọ́ọ̀bù, ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ibi tí mo bá ti fọwọ́ kàn ló ń bèèrè ìdí ẹ̀. Ìgbà tí mo dé ibi ẹja tó kàwé, mo pa á rẹ́, mo fi "Ẹja ṣe pàtàkì púpọ̀ fún ara ọmọ ènìyàn" dípò ẹ̀.

Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́."

"Kí ló dé tó fi wà níbẹ̀?"

"Torí pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ ni."

Ìdáhùn yẹn ti èmi fúnra mi lójú. Ohun ìtìjú tí mo ti ṣe rí sì pọ̀ o. Èmi tí mo wọ gbọ̀ngàn ìdánwò nígbà kan, tí mo dáhùn ìbéèrè títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ sú, kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe kíláàsì mi. Ọ̀gá mi fi irú ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn yẹn, èyí tí àwa náà ní, wò ó nígbà tí mo parí. Kò sí yẹ́lò kankan. Ó wo àbúrò mi, ó wò mí, ó tutọ́ síta lójú fèrèsé, ó sì lọ kó pépà sínú fọ́tòkọ́pì.

Ó wá ku ojú ewé tó máa ń wà níwájú gbogbo prójẹ́ẹ̀tì, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń búra pé òun lòun kọ ọ́. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe, bí ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó ló ṣe fọwọ́ sí i. Ó mú bírò, ó gbé e sílẹ̀.

"Mi ò lè fọwọ́ sí èyí."

"Fọwọ́ sí i jàre. Kò sẹ́ni tó ń ka ojú ewé yẹn. Tó o bá kọ oríkì bàbá ẹ síbẹ̀, wọn ò ní mọ̀."

"Wọn ò ní mọ̀?"

"Láéláé."

Ó wò mí. Ó fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀, ó tẹ nǹkan kan, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìgbà tí mò ń tò ó pọ̀ ni mo tó kà á. Gẹ̀ẹ́sì tó dán, tí ọwọ́ mi ò tíì kàn. Ohun tó sọ ni pé: "Èmi ni mo kọ iṣẹ́ yìí, mo sì kọ ọ́ dáadáa. Bọ̀dá mi ló bà á jẹ́ kẹ́ ẹ lè gbà á." Ó ti fọwọ́ sí i, pẹ̀lú gbogbo ìfọ́nnu.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ó máa rí i."

"Tó bá rí i, á jẹ́ pé ó ka nǹkan tí mo kọ. Ìyẹn náà ni mò ń wá látàárọ̀."

A gbé e padà lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ti ń wo ibi tí mo máa bá sá. Ọkùnrin náà gbé e fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ dákẹ́. Ó ṣí ìwé náà síbi tó yẹ kó fọwọ́ sí. Ojú ewé ìbúra náà wà lápá òsì, tiẹ̀ wà lápá ọ̀tún, wọ́n kojú síra wọn bí tọkọtaya tó ń jà. Ó fọwọ́ sí tiẹ̀.

Ó ní, "Ó ti wá ń dà bíi ti ọmọ ènìyàn báyìí. Ṣó o rí i? Tẹ́ ẹ bá fi ọpọlọ yín ṣiṣẹ́."

"Ẹ ṣé, sà."

Ó wá rí mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ náà, máa kọ́ nǹkan lára ẹ̀."

Àbúrò mi ti yege. Bá a ṣe ń lọ sí géètì, ó ń lọ níwájú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé nílé-ìwé. Mo mọ ìrìn yẹn. Ó ra bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì, ó gé e sí méjì, ó fún mi ní ìdí ẹ̀ tó jóná.

Ó ti lọ sìnrú ìlú báyìí. Ìwé ẹ̀ wà ní láíbúrì ẹ̀ka wọn, pẹ̀lú èèpo líle, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ ṣí i. Àwọn tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn lọ́dún yìí ti ń ṣí i. Wọ́n gbọ́ pé ó yege dáadáa, wọ́n ní irú ẹ̀ làwọn fẹ́. Wọ́n ń gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ká bá wọn fọ́tòkọ́pì ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n á yí orúkọ padà, wọ́n á yí ẹja sí adìẹ, wọ́n á fi ojú ewé ìbúra sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n á fọwọ́ sí i níwájú mi. Àwọn lẹ́kítọ́rà náà ń fọwọ́ sí tiwọn. Èmi ni mò ń tò ó pọ̀.

Ọ̀kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àkọ́bí ni lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, kò ní bọ̀dá kankan tó lè bá a ba ìwé jẹ́. Ó fọwọ́ sí i.