Ọjọ́ Tí A Fi Ìdí Igi Pín Kọ̀ǹpútà Ọkọ Mi

Ohùn ni wọ́n fi ń mọ Lazarus ọkọ mi ní Akínyẹlé. Wọn kò lówó, wọn kò ga, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń roko á gbé ọkọ́ dúró. "Àwẹ̀ró!" wọ́n á pè mí láti ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ẹni tó ń fi oríkì yẹn pè mí mọ́ báyìí.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé, wọ́n ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan. Ìborí mi àtijọ́ ni wọ́n fi ń bò ó nítorí eruku. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa kọrin ìsìn sí i.

"Ẹ ti fẹ́ ẹ̀rọ lé mi," mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

"Ó kúkú dákẹ́ jù ọ́ lọ."

Lẹ́yìn ìsìnkú wọn, àbúrò wọn Gàfárù, olórí ẹbí, wá pín ogún. Ìdí igi là ń tẹ̀ lé nílé wa: iye ìyàwó, iye ìpín. Ìpín kan jẹ́ ti Mahfuz, tí ìyá rẹ̀ ti kú kí n tó wọlé. Èkejì jẹ́ ti Ṣeunfúnmi, ọmọ tèmi. Wọ́n pín oko, wọ́n gbin pérègún sí ààlà. Wọ́n pín àga, wọ́n pín adìyẹ. Ó wá ku kọ̀ǹpútà, àwọn méjèèjì sì ń fẹ́ orin bàbá wọn.

Gàfárù ní, "Ṣé ikùn rẹ̀ kò ṣeé là sí méjì ni?"

"Ó ṣeé là, Bàbá," Mahfuz dáhùn. "Bí ìgbà tí èèyàn mọ ògiri sáàárín yàrá ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í là á. Àárín iṣẹ́ ni iná lọ. Nígbà tí iná dé, kọ̀ǹpútà jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí orin wà ti ṣófo. Ó kàn ń bi wá bóyá kí òun fọ ibẹ̀ mọ́ kí a tó lè lò ó.

"Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni," Gàfárù ní. "Ṣebí ìmọ́tótó ló fẹ́ ṣe?"

Mo di ọwọ́ Mahfuz mú, mo kọjú sí Gàfárù. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ta ní ń fọ ìkòkò tí ọbẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀?"

"Ìyàwó yìí àti ẹnu rẹ̀!" Gàfárù ní.

Èmi àti Mahfuz gbé e lọ sí Moniya, ọ̀dọ̀ Mojísọ́lá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo gbé e lé ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ bí ọmọ tuntun. Ohun tí Mojísọ́lá kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́?"

"A ò fọ̀ ọ́."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ààlà inú rẹ̀ ló dàrú."

"Bí ìgbà tí wọ́n fa pérègún tu? Iṣu ṣì wà nínú ebè?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kúkú wá bá mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù."

Ó kọ́kọ́ da gbogbo inú rẹ̀ kọ sínú ẹ̀rọ mìíràn, kí àṣìṣe má baà ba ojúlówó jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá ojú ààlà àtijọ́ kiri. Ó pẹ́. Mo ń wo ìborí mi lórí itan mi, òórùn òróró ìpara ọkọ mi ṣì wà lára rẹ̀.

"Mo ti rí i. Mo ti dá a padà sí yàrá kan ṣoṣo."

"Ṣé o lè wá bá wa là á dáadáa?" Mahfuz bèèrè.

"Kí lẹ fẹ́ là á fún? Orin kì í ṣe ilẹ̀. Màá dà á kọ fún ẹ̀yin ọmọ wọn méjèèjì, kò ní dín."

Mahfuz fọwọ́ bo ojú.

Mojísọ́lá tẹ orin kan. Ọ̀kadà ń kọjá níta, síbẹ̀ ohùn ọkọ mi gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kọrin dé ìdajì, wọ́n húkọ́, wọ́n sì dá a dúró.

"Àwẹ̀ró! Ṣé o ti kó àwọn adìyẹ wọlé?"

"Mo ti kó wọn wọlé," ni mo dáhùn, kí n tó rántí pé a ti pín wọn.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Mahfuz ní kí Mojísọ́lá tún un tẹ̀.