Ọwọ́ Bàbá Nínú Àwòrán

Fínnífínní ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, orúkọ náà sì ro ó. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti parí iṣẹ́, tí wọ́n ti gbé báàgì kọ́ èjìká, òun á ṣì tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, á máa wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ nù. Iṣẹ́ àsopọ̀ àwòrán ló ń kọ́: kí a ya ènìyàn níwájú aṣọ aláwọ̀ ewé, kí a yọ aṣọ náà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kí a wá gbé e sórí òkè tàbí sójú agbami, débi pé ẹni tó bá wò ó á fọwọ́ sọ̀yà pé ó débẹ̀. Olùkọ́ wọn, obìnrin kan tí kì í pọ̀ lọ́rọ̀, máa ń ní irọ́ ni iṣẹ́ àwọn, ṣùgbọ́n irọ́ tí kò gbọdọ̀ lálèébù.

Lẹ́yìn ìsinmi, ó ní kí olúkúlùkù lọ ya ẹni tó ń wakọ̀, láìsí ọkọ̀. Fínnífínní kò ronú jìnnà. Bàbá rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì, tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń jókòó sí, tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu gbogbo dírẹ́bà tó bá kọjá.

"Èmi? Kí n ṣeré nínú fíìmù?" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ṣé o gbọ́? Wọ́n ti rí ẹwà mi."

"Ẹwà wo lẹ ní?" Ìyá dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Ẹni tí kò níṣẹ́ ni wọ́n ń wá."

Síbẹ̀, Ìyá ló rán aṣọ aláwọ̀ ewé náà pọ̀ láti inú àjákù tó wà nílẹ̀. Wọ́n kàn án mọ́ ògiri pálọ̀. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó jókòó, ó di ọmọrí ìkòkò ńlá mú bí ẹni di sítíárìn mú. Ó wá ní òun fẹ́ mọ ibi tí òun ń lọ.

"Ẹ ṣáà máa wà á, Bàbá. Èmi ni màá fi ọ̀nà sí i."

"Ta ló ń ṣáà wakọ̀? Bó bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ńkọ́? Ṣé mi ò ní tẹ bíréékì?"

Ni ó bá sọ fún un pé ọ̀nà etí òkun ni, ọ̀nà tó tẹ́jú. Bàbá mí kanlẹ̀, ó rọra yí ọmọrí, ó sì dà bíi pé kò sí nínú pálọ̀ mọ́. Bó ti ń wà á lọ, ọwọ́ òsì rẹ̀ yọ̀ lórí ọmọrí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì í mú dáadáa."

"Má bínú, ọ̀gá mi." Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé òsì padà sáyè rẹ̀, ó sì ń wakọ̀ rẹ̀ lọ.

Bàbá kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Lọ́sàn-án ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní orí ń fọ́ òun. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́ nínú ọpọlọ.

Nígbà tí Fínnífínní padà sí kíláàsì, olùkọ́ ní kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kó ya ẹlòmíràn. Ó ní rárá. Kọ̀ǹpútà bá a gé ibi tó rọrùn, ṣùgbọ́n irun funfun Bàbá ti fa àwọ̀ ewé mọ́ra. Ọwọ́ ló fi gé e, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, àti etí rẹ̀, àti ibi tí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ti họ. Lójú ẹni tó ń wo fíìmù, ńṣe ló ń ṣàn bí omi. Lójú ẹni tó ń ṣe é, àwòrán tó dúró jẹ́ẹ́ ni, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, èèyàn sì gbọ́dọ̀ wo gbogbo wọn. Kò wo ojú bàbá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà tó wà láyé.

Ibẹ̀ ló ti rí i. Ọwọ́ náà kò ṣèèṣì yọ̀. Ó ti ń gbọ̀n kó tó yọ̀, ó ń gbọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́ láti àwòrán kan sí òmíràn, igun ẹnu Bàbá lápá ibẹ̀ sì ti wọ́ wálẹ̀, àní nígbà tó ń rẹ́rìn-ín pàápàá. Òun tí gbogbo ayé ń pè ní Fínnífínní ló dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, tó ní kí Bàbá dì í mú dáadáa.

Olùkọ́ wá dúró lẹ́yìn àga rẹ̀. "Ọwọ́ yẹn ń gbọ̀n. Ó ń fa ojú ẹni. O mọ bí a ṣe ń mú un dúró."

Ó mọ̀ ọ́n. Ó mú ọwọ́ náà láti ibi tó ti dúró ṣinṣin, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ti ń gbọ̀n. Iṣẹ́ náà dán. Kò sí ẹni tó lè mọ̀. Ó wò ó, ó tún un wò. Ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ kò ṣàìsàn, kò ní kú, Fínnífínní kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ó pa á rẹ́, ó dá ọwọ́ bàbá rẹ̀ padà.

Ìyá ní òun fẹ́ rí i. Fínnífínní gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìránṣọ. Bàbá ń wakọ̀ lẹ́bàá òkun, oòrùn ń ràn sí i lára, omi ń kọ mànà lẹ́yìn gíláàsì. Nígbà tó dé ibi ọwọ́, Ìyá na ìka sí i.

"O fi í sílẹ̀."

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é. Ife á kàn bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní ká lọ rí dókítà, wọ́n ní bó o bá gbọ́, wàá fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣèlérí pé mi ò ní sọ."

"Ẹ sì ṣèlérí."

"Ọkọ mi ni wọ́n."

"Bàbá mi ni!" Igbe tó ké já òun gan-an láyà. "Ẹ̀ bá ti sọ fún mi! Ǹ bá fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lóòótọ́! Kí ni ẹ̀kọ́?"

Ẹkún tí Ìyá sun kò ní ohùn. Èjìká rẹ̀ nìkan ló ń mì.

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ gidi tó tún wà láàárín wọn. Ẹ kú àárọ̀, ó dàárọ̀, ó tán. Ìyá á bu oúnjẹ, á dé e. Fínnífínní á jẹ ẹ́, á fọ abọ́. Ní kíláàsì, olùkọ́ fún un ní máàkì tó dáa, ó sì yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ nítorí ọwọ́ náà. Fínnífínní kò bá a jiyàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bó ti ń wọ bàtà, Ìyá yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Orúnkún ń dùn mí," ó ní. "Ó ti tó ìgbà díẹ̀. Mo ní kí n sọ fún ọ."

Fínnífínní sọ báàgì kalẹ̀. Kò lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ náà. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn títí ó fi kàn wọ́n. Dókítà ní oríkèé ni, kì í ṣe ohun tó le. Wọ́n ti ń jáde lọ nígbà tí Fínnífínní bú sẹ́kún lójú gbogbo èèyàn, ẹkún tí kò tíì sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Bàbá. Ìyá kò ní kó dákẹ́. Ó dúró tì í lẹ́bàá ògiri, ó di apá rẹ̀ mú, títí ó fi sun ún tó.