Àjákù Mẹ́jọ Tí Ìyá Ọkọ Mi Gbé Wá

Bí ẹ bá ní kí n mú àjákù aṣọ aláwọ̀ ewé tó tó àtẹ́lẹwọ́ wá fún yín láyé ìgbà náà, kí ẹ tó jókòó dáadáa, mo ti gbé e lé yín lọ́wọ́. Mi ò sọ àsọdùn. Aránṣọ ni mí ní Òkìtìpupa, láti ìgbà tí ogun abẹ́lé kò tíì bẹ̀rẹ̀ títí di ẹ̀yìn ogun, mi ò sì da àjákù aṣọ nù rí. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lára bùbá oníbàárà tí kò bá béèrè rẹ̀, tèmi ni. Mo máa ń rán wọn pọ̀ di ìbora, àwọn ìyàwó tíṣà tó wá láti ìlú mìíràn a sì máa jìjà du ìbora náà.

Ọkọ mi, tí òun náà jẹ́ tíṣà, kan pákó mọ́ ògiri yàrá fún mi, mo sì to garawa epo mẹ́fà sórí rẹ̀. Garawa epo kò wọ́n ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló mọ̀ ọ́n fọ̀. Omi gbígbóná àti eérú ni mo fi ń fọ tèmi, lẹ́ẹ̀mẹta, n óò sá a sóòrùn, n óò wá fi aṣọ funfun nu inú rẹ̀. Bí aṣọ náà bá pọ́n díẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn aláró ní garawa tiwọn, pupa ní tirẹ̀, ewé ní tirẹ̀. Lẹ́ẹ̀sì àti àrán wà nínú agolo bisikíìtì, torí àwọn yẹn kò gba ìnira. Mo ń lọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó ká a, mo sì ń fi kánfọ̀ sáàárín wọn kí kòkòrò má baà débẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà tàbí àgbàdo wọ yàrá yẹn, ọkọ mi pàápàá kò gbọdọ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, lẹ́yìn tí ogun ti parí, ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìkọ̀yà. Ó gbé àpò kékeré kan dání. Ó wo àwọn garawa mi títí, ó mi orí, ó ní, "Ìyàwó mi, ọwọ́ rẹ mọ́." Inú mi dùn dé ìdí. Ó wá sọ ohun tó bá wá. Ọma, ìyẹn ọmọ, mẹ́jọ ni òun bí. Mẹ́rin wà láàyè, mẹ́rin kú ní kékeré. Òun gé díẹ̀ pa mọ́ lára aṣọ tí òun fi pọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun sì fẹ́ kí n rán wọn di ìbora tí òun yóò máa fi sùn. Kí àwọn tó wà láàyè wà lápá ọ̀tún, kí àwọn tó ti lọ wà lápá òsì.

"Jẹ́ kí n lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjù-Odò ná," ló wí. "Bí mo bá dé, n óò bá ọ to ghan." "Ghan" ni wọ́n ń pe "wọn" lọ́dọ̀ wọn.

Bó ṣe jáde ni mo tú àpò tó fi sílẹ̀ náà. Èmi tí mo mọ nǹkan, ta ni mo fẹ́ dúró dè? Mo rí i pé etí àjákù kọ̀ọ̀kan ní ìdì kékeré tí wọ́n fi òwú so. Mo tú àkọ́kọ́, hóró àgbàdo ló wà nínú rẹ̀. Mo tú èkejì, ẹ̀wà ni. Èkùrọ́ wà nínú òmíràn, ẹ̀gúsí wà nínú òmíràn. Mo pariwo. Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aṣọ nìyí? Àwọn àgbà mà ń pe kòkòrò wálé o! Mo tú gbogbo rẹ̀, mo dà á sí àgbàlá, adìẹ ṣa èyí tó lè jẹ, mo gbá ìyókù lọ sórí ààtàn. Mo fi ọṣẹ fọ àwọn aṣọ náà, mo fi sítáàṣì sí i, mo lọ̀ wọ́n, wọ́n sì ń dán.

Nígbà tó dé lọ́jọ́ kẹta, inú àwo fífẹ̀ ni mo gbé wọn sí wá síwájú rẹ̀. Mò ń retí ìyìn. Ó fọwọ́ kan etí èyí àkọ́kọ́, ó fọwọ́ kan èkejì.

"Àwọn ìdì ibẹ̀ dà?"

"Ìyá, mo tú wọn. Mo da ohun tó wà nínú wọn fún adìẹ."

Ìyá ọkọ mi kò mọ̀wé. Ohun tó wà lóde nígbà tó bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ló dì sí aṣọ rẹ̀, èkùrọ́ fún èyí tó bí nígbà tí wọ́n ń pa èkùrọ́, àgbàdo fún ti ìgbà àgbàdo tuntun. Ìyẹn ló fi mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ó wò mí.

"O fi ọma mi bọ́ adìẹ."

Mo kúnlẹ̀.   Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ yẹ àwọn aṣọ náà wò, ó ń fi àtàǹpàkò ra wọ́n. Ó mọ èyí tí iná jó létí. Ó mọ èyí tí òun ra ní Ìrẹ̀lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ó to mẹ́ta sápá ọ̀tún, mẹ́ta sápá òsì, ọkàn mi sì ń padà bọ̀ sípò.

Ó wá ku méjì. Àdìrẹ kan náà ni méjèèjì, lára ìró kan ṣoṣo ni ó ti gé wọn. Ó ní òun fi ìró náà pọn ọmọbìnrin kan tó kú lọ́mọ ọdún méjì, nígbà tí òun sì tún bímọ, òun fi pọn ìyẹn náà. Ìyẹn ni ọkọ mi. Ẹ̀gúsí ló wà lára ti ọmọbìnrin náà, ẹ̀wà ló wà lára ti ọkọ mi. Mo gbé méjèèjì síta, mo na wọ́n sí ìmọ́lẹ̀, mo wá ibi tí ọ̀kan gbé ti ṣá ju èkejì lọ. Kò sí. Ọṣẹ àti sítáàṣì mi ti sọ wọ́n di ọ̀kan náà.

Ọkọ mi ti dé láti ilé ìwé, ó ń gbọ́ wa, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ fi mí sápá òsì jàre, kò ní pa mí."

"Pa ẹnu rẹ dé!"  Ó gbé ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún, ó tún yára gbé e kúrò níbẹ̀. Mi ò rí ìbẹ̀rù lójú obìnrin yìí rí.

Níkẹyìn ó gbé méjèèjì sáàárín, ó tẹ́ wọn síra wọn. "Rán ghan pọ̀ síhìn-ín," ló sọ fún mi. "Èyí tí mi ò bá mọ̀ pé ó kú, mi ò ní sọ pé ó kú."

 Ọkọ mi béèrè pé ọmọbìnrin wo ni à ń sọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ẹnì kan ṣáájú òun lórí aṣọ yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Kí i."

Tíṣà ńlá náà bọ́ bàtà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú àwo náà. Kò mọ èyí tó yẹ kí ó kí nínú àwọn méjèèjì, ó sì kí méjèèjì.