Ẹnu Ìbọn Kì í Ṣáájú Wọlé

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì ga tó àmù omi ìyá mi, ilé wa ní Èjìgbò kọjú sí ilé àgbẹ̀dẹ kan. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ irú àgbẹ̀dẹ tí mò ń sọ. Kì í rọ ọkọ́, kì í rọ àdá. Ìbọn nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ fi ń pa òyà àti ìgalà. Láti Ara, láti Isundunrin, láti àwọn abúlé tó wà káàkiri agbègbè wa ni wọ́n ti ń gbé ìbọn wá bá a, èyí tó dípẹtà, èyí tí igi ìdí rẹ̀ là, èyí tó kàn dákẹ́ tí kò dún mọ́.

Bí mo bá ń rántí ibẹ̀ báyìí, bí ẹni ń lá àlá ni. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn jù. Èéfín èédú a máa fà jáde lábẹ́ páànù, a lọ pò mọ́ kùrukùru àárọ̀, ènìyàn ò ní mọ ibi tí èéfín parí sí tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Inú kùrukùru yẹn ni àwọn ọdẹ ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò ní gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹ ó kàn rí i pé ẹnìkan ti dúró síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ọdẹ tó jẹ́ gbé ìbọn wọ ilé yẹn bó ṣe wù ú. Bó bá dé ìdí igi ìyeyè tó wà níta, yóò dúró. Yóò kígbe bí wọ́n ṣe ń kí alágbẹ̀dẹ pé, “Àrọ̀yè o!” Baba àgbẹ̀dẹ á dáhùn láti inú pé, “Ọlọ́run á gbè wá,” kò ní pe Ògún, nítorí ìmàle ni, kì í pa ìrun kankan jẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè pé, “Ṣé ó jẹun àbí kò jẹun?” Ọ̀rọ̀ ìbọn ló ń béèrè o. Bí ẹ̀tù bá wà nínú ìbọn, ó ti jẹun nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ kọjá ìdí igi. Bí wọ́n bá sì ní kò jẹun, ọdẹ náà yóò ti ọ̀pá bọ inú ẹnu ìbọn náà kí Baba lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń kan irin nísàlẹ̀. Ìgbà náà ni yóò kọ ẹnu ìbọn sókè, tí yóò fi ìdí rẹ̀ ṣáájú, tí yóò sì rọra wọlé. Ẹnu ìbọn kì í ṣáájú wọlé Baba. Wọn kì í sì í gbé ìbọn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìjẹ́ pé onítọ̀hún ti ní, “Mo rí i.” Mo rí arúgbó ọdẹ kan tí àwọn ọdẹ yòókù ń dọ̀bálẹ̀ fún, tí ó gbàgbé, tó fi ẹnu ìbọn ṣáájú. Baba kàn nawọ́ sí igi ìyeyè. Arúgbó náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó padà lọ síbẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni.

Àwa ọmọdé rò pé eré àgbàlagbà ni. A máa ń fi igi ẹ̀gẹ́ ṣe ìbọn, a ó máa bi ara wa léèrè bóyá ó jẹun, a ó máa rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kan báyìí, kò tíì pẹ́ tí wọ́n yí ìwakọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, àwọn ìyá wa ṣì ń bẹ̀rù àtisọdá títì, ìyá mi rán mi lọ ra ọṣẹ. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo pàdé obìnrin kan tó ru ìdì gígùn sórí. Aṣọ funfun ni wọ́n fi wé ìdì náà, eruku pupa sì bo ẹsẹ̀ obìnrin yìí dé orúnkún.

Ó ní, “Ọmọ dáadáa, níbo ni ilé àgbẹ̀dẹ ìbọn wà?”

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ojú ilé wa ni, mà. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ.”

Ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀yìnkùlé ni a gbà. Mo wà níwájú, ó ń tẹ̀lé mi. Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi, ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní Isundunrin ni òun ti fẹsẹ̀ rìn wá, pé awakọ̀ kò gbà kí òun gbé ẹrù náà wọ mọ́tò. Ó ní ìbọn ọkọ òun ni. Ọkọ òun ti kú, ìbọn náà sì wà lára ògiri yàrá láti ìgbà náà wá, lókè orí ibi tí àwọn ọmọ ń sùn. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ àkọ́bí òun ti lọ sí Àbíjàn tán, ṣùgbọ́n ọmọ náà ní òun ò lọ, òun á máa ṣe oko bàbá òun, òun á sì máa fi ìbọn bàbá òun ṣọ́ ọ lọ́wọ́ òyà. Alẹ́ àná ló sọ pé bí òun bá ti oko dé, òun á gbé ìbọn náà sínú iná kí ìpẹtà lè ṣí lára rẹ̀. Ọkàn obìnrin náà kò balẹ̀. Bí ọmọ ṣe lọ sóko láàárọ̀, ó gbé ìbọn, ó wé e láṣọ, ó mú ọ̀nà pọ̀n.

Bí a ṣe yọ sí ìta, Baba wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣan ọwọ́. Ó gbójú sókè. N kò lè ṣàlàyé bí ojú rẹ̀ ṣe rí fún yín. Kò pariwo. Kódà ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ó ní, “Ìwọ ọmọ, bọ́ sápá ọ̀tún. Má sáré. Máa rìn bí ẹni ń rìn nínú ilé.”

Mo bọ́ sápá ọ̀tún. Ìgbà yẹn ni mo wo ẹ̀yìn. Aṣọ ti yọ níwájú ìdì náà, mo sì rí ihò dúdú roboto kan tó ń wo ibi tí orí mi ti wà ní gbogbo ọ̀nà tí a rìn. Mo rántí pé mo rí labalábá kan, àmọ́ kò dá mi lójú bóyá ọjọ́ náà ni.

Baba sọ fún obìnrin náà pé, “Ọmọ mi, dúró. Má yíjú, má sì tẹ̀ba láti gbé e sílẹ̀.”

Obìnrin náà ní, “Bàbá, ẹ má bínú, kò sí nǹkan nínú ẹ̀ o. Ó ti pẹ́ lára ògiri.”

“Mo gbọ́. Dúró náà ni.”

Baba gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yí lọ sẹ́yìn obìnrin náà, ó di ìdí ìbọn mú, ó kọ ẹnu rẹ̀ sókè, ó sì gbé e kúrò lórí rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé níbi tí òkìtì ọ̀gán kan wà, ó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ lẹ́nu. A dúró, a ń dẹtí sí ìró irin. Irin ò dún. Ọ̀pá náà dúró lójijì, èyí tó kù níta sì gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Baba ní, “Ó ti jẹun. Ó jẹ àjẹyó.”

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń sọ pé, “Orí àwọn ọmọ mi ni. Orí àwọn ọmọ mi ló wà lábẹ́ ẹ̀.” Baba kò sọ fún un ohun tí iná ìbá ṣe. Kò sídìí. Obìnrin náà ti mọ̀ ọ́n.

Omi ni Baba kọ́kọ́ dà sínú ìbọn náà, ó fi í sílẹ̀ kí ẹ̀tù rẹ, ó lọ kírun ọ̀sán. Ìyá mi gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún àlejò náà, kò lè jẹ ẹ́. Nígbà tí Baba dé, ó mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ìkọ́ lẹ́nu, ó tì í wọlé, ó ń rọra yí i. Omi dúdú jáde. Ọta rọ̀ sínú igbá kóró, kóró. Èyí tó jáde gbẹ̀yìn ni àkísà tí wọ́n fi dí ẹ̀tù nísàlẹ̀. Baba fi omi ṣàn án, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, aṣọ aláwọ̀ aró tó ní òdòdó pupa kékeré.

Obìnrin náà dìde. Ó ní, “Aṣọ mi nìyẹn.”

Ó wá ròyìn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ lọ sígbẹ́ kẹ́yìn, kò rí àkísà tí yóò fi ki ìbọn, ló bá ya etí ìró tí ìyàwó rẹ̀ ró mọ́ ìdí. Obìnrin náà bú ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mo mú ẹ dání lọ sígbẹ́ nìyẹn.” Ọjọ́ yẹn kò rí ẹran kankan yìn. Ibà mú un níbẹ̀, ó wọ́ ẹsẹ̀ dé ilé, ó gbé ìbọn kọ́ ògiri, ó dùbúlẹ̀. Kò dìde mọ́.

“Kì í gbé e kọ́ pẹ̀lú ẹ̀tù nínú,” bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ń wí. “Bàbá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.”

Baba ní, “Mo mọ̀. Mo mọ ọkọ rẹ. Àìsàn ni kò jẹ́ kó rántí.” Ó sá àkísà náà sí ẹ̀gbẹ́ iná títí ó fi gbẹ, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà so ó mọ́ etí gèlè rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó dé lórí kẹ̀kẹ́. Ó ti wá ìyá rẹ̀ káàkiri, ìbínú sì ti kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Baba fi ọta inú igbá hàn án, ó wo ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un nínú eérú. Baba gbé ìbọn náà, ó mú ọmọkùnrin yìí lọ sídìí igi ìyeyè. Ó bi í bóyá ó rí ìbọn náà, ọmọ náà ní òun rí i. Baba gbé e lé e lọ́wọ́, ó padà wọlé, ó jókòó.

A gbọ́ ohùn ọmọkùnrin náà níta: “Àrọ̀yè o!”

“Ọlọ́run á gbè wá. Ṣé ó jẹun àbí kò jẹun?”

Irin kan irin nísàlẹ̀. Ó dún gbọnrangandan. Ó wọlé wá, ẹnu ìbọn kọjú sí ọ̀run, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú, ìyá rẹ̀ sì ń wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Ọmọkùnrin náà di ọdẹ tó lórúkọ ní agbègbè wọn.

Baba ti dágbére fáyé tipẹ́. Ẹni tó ń ta káàdì ìpè ló wà nílé àgbẹ̀dẹ báyìí, wọ́n sì ti gé igi ìyeyè nígbà tí wọ́n fẹ títì. Ìbọn pọ̀ nílé lóko ju ti ìgbà yẹn lọ, ọwọ́ àwọn tí kì í kí ènìyàn ni ó sì wà. Wọn ò dúró níbì kankan, wọn ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà Isundunrin tí obìnrin kan dá rìn láàárọ̀ kùtù, ta ló tó dá a rìn lónìí láìbẹ̀rù?

Ní ọdún Iléyá tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi kan na ìbọn tí wọ́n rà fún un sí mi lójú, ó ń ṣe “tà, tà, tà.” Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ìbọn náà.

Ó ní, “Rọ́bà ni, Màmá.”

Mo ní, “Mo mọ̀, ọkọ mi.” Ṣùgbọ́n n kò gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀ títí ó fi kọ ẹnu ìbọn náà sílẹ̀.