Bí Òdòdó Ìrọ̀rí Ṣe Gbé Ìró Mi Dìde

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ fún yín. Tó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Èmi náà ti rín tèmi.

Ṣadé ọmọ ọmọ mi ń lọ sílé ọkọ ní Ẹ̀gbẹ̀. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà níbí ní Kàbà. Kí ni mo fẹ́ fún un? Abọ́ ti pọ̀, ìkòkò ti pọ̀. Mo ní kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe ọnà sí aṣọ ìrọ̀rí kan, kí ó máa gbórí lé e, kí ó máa rántí mi.

Mo bá lọ bá Rísíkátù, télọ̀ àdúgbò wa, pé kó kọ́ mi. Ọmọ náà ní sùúrù! Ó ní kí n má tíì fọwọ́ kan ìrọ̀rí, kí n fi nǹkan kéékèèké kọ́ ọwọ́ mi ná. Aṣọ ìnujú ni mo kọ́kọ́ rán òdòdó sí. Ìyá Jùmọ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ mi tí ilé wa kọjú síra, gbé e sókè, ó ní alákàn yìí mà sanra o!

Mo padà sídìí abẹ́rẹ́. Mo kọ́ irú rírán tó ń wọnú ara wọn bí ẹ̀wọ̀n. Mo kọ́ oníkókó, èyí téèyàn máa lọ́ òwú mọ́ ẹnu abẹ́rẹ́ kó tó fà á. Mo fi kókó funfun ṣe aṣọ tí a fi ń bo iyán lọ́ṣọ̀ọ́. Ni Bàbá Táyé, ọkọ mi, bá jókòó ti oúnjẹ, ó ń fi èékánná ha aṣọ. Ó ní ta ló jẹ́ kí iyán gbẹ mọ́ ọn? Mo jẹ́ kó ha á títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Rísíkátù tún fún mi ní igi róbótó kan bí òṣùká tí wọ́n fi ń na aṣọ kó lè le. Igi tó dára tó bẹ́ẹ̀! Ìkòkò omi mi kò ní ìdí tó tẹ́jú, ó máa ń yí gbiri. Mo gbé e lé igi náà, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ọba. Nígbà tí Rísíkátù béèrè igi, mo ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Itan mi ni mo ń tẹ́ aṣọ lé. Itan tó ti gbé ọmọ, ṣé aṣọ ni kò ní lè gbé?

Nígbà tó yá, orúkọ Ṣadé ti wà lára aṣọ ìrọ̀rí gbàgàdà. Òdòdó àárín ló kù. Tí mo bá parí iwájú, Rísíkátù á fi ẹ̀rọ rán ẹ̀yìn mọ́ ọn.

Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àna máa wá mú Ṣadé, mo ró ìró òfì tí ìyá mi fúnra rẹ̀ hun, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń rán òdòdó. Abẹ́rẹ́ ń wúwo. Mo ní ọjọ́ ogbó nìyẹn, mo fi agbára kún un.

Mọ́tò àwọn àna dé. Dírẹ́bà ń fọn fèrè. Rísíkátù ti gbé ẹ̀rọ síta, ó ń ké pé, "Màmá, ẹ gbé e wá kíá!" Mo so kókó ìkẹyìn, mo já òwú, mo dìde, mo na aṣọ sí i tayọ̀tayọ̀.

Ìró mi bá a lọ!

Àní ó tú, ó tẹ̀lé aṣọ ìrọ̀rí bí ewúrẹ́ tí wọ́n fi okùn fà! Ọpẹ́lọpẹ́ yẹ̀rì. Àwọn àna yára kọjú sí ògiri. Ìyá Jùmọ̀kẹ́ ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín kò jẹ́ kó mí. "Ìyá Táyé, ṣé ìwọ náà ń lọ sílé ọkọ ni?"

Rísíkátù yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo òdòdó ló gba inú ìró kọjá. Ká tú òdòdó, tàbí ká gé ìró, kò sí ọgbọ́n kẹta. Ìyá Jùmọ̀kẹ́ gbé ẹ̀rín mì. Ó ní kí n má dán an wò, ìró ìyá mi ni, òwú lásán sì ni òdòdó. Òótọ́ ló sọ. Kò sẹ́ni tó tún ń hun irú rẹ̀ nílé wa mọ́. Ṣadé ń sunkún, ó ní kí n jẹ́ kóun lọ láìsí òdòdó.

Fèrè tún dún.

Mo wo ìró. Mo wo ọmọ. Ìró ti bá mi gbé pẹ́, ọmọ ló ń lọ. Mo gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ Rísíkátù, mo gé ìró yí òdòdó ká. Rísíkátù rán ẹ̀yìn mọ́ ọn, ègé ìró náà wà nínú. Mo tún èyí tó kù ró, tòun ti ihò, mo sì gbàdúrà fún ọmọ mi.

Kò pẹ́ tí Ṣadé délé ọkọ tó fi pè mí lórí fóònù. Mo ní òdòdó mi ńkọ́? Ó ní kí n má bínú, òun ti yí inú aṣọ náà síta, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun lè máa wà lórí ìró mi. Ó ní ó ṣì ń ta òórùn èéfín ilé ìdáná wa.

Ẹ gbọ́ o! Gbogbo òdòdó tí mo fi ojú mi ṣe, inú ló wà! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mo ti gbé ìkòkò kúrò lórí igi Rísíkátù. Òun ni mo fi na ìró mi, tí mo fi rán òdòdó ńlá bo ihò náà. Ìyá Jùmọ̀kẹ́ ní alákàn kejì ti dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ fi nǹkan kékeré bẹ̀rẹ̀, ẹ sì máa gbé aṣọ sókè wò lóòrèkóòrè. Ohun tí wọ́n bá fún yín láti fi na aṣọ, ẹ má gbé ìkòkò lé e! Àmọ́ tó bá ti bàjẹ́ tán, ẹ wo ẹni tẹ́ ẹ ń ṣe é fún kẹ́ ẹ tó mọ ibi tẹ́ ẹ máa gé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti rán ara rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rí? Ẹ sọ tiyín fún wa, kí Ìyá Jùmọ̀kẹ́ lè rí ẹlòmíì fi rẹ́rìn-ín.