Òkúta Méje Létí Odò

Ọdún kọkànlá mi ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n rán mi lọ wọn ibi tí afárá kan yóò dúró. Abúlé náà wà lẹ́yìn Erunmu, níbi tí ọ̀dà ti tán lójú ọ̀nà. Èmi àti Bàbá Múfú, fọ́máànù wa, la jọ lọ. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kan èèkàn, ìyẹn igi ṣóńṣó tí a fi ń sàmì sí ojú iṣẹ́, kí n tó di ọ̀gá wọn.

A ti kan èèkàn mẹ́ta nígbà tí ìyá arúgbó kan jáde láti inú igbó odò. Ìyá Omídìjí ni gbogbo abúlé ń pè wọ́n; àwọn ló ń bójú tó ojúbọ odò náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ibi tí odò yóò ti wá gbé afárá yín lọ nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìyá, omi kì í dé ibí."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ó wà nínú ìwé, mà."

"Ọmọ mi, ìwé yẹn ò tíì dàgbà. Tẹ̀ lé mi."

Bàbá Múfú ṣẹ́jú sí mi pé kí a lọ. Ìyá fi ọ̀pá ya koríko sẹ́gbẹ̀ẹ́, òkúta kan sì yọ, ó dúró ṣánṣán.

"Ibí lomi dé lọ́dún tí wọ́n bí mi."

Wọ́n gòkè díẹ̀ sí i, wọ́n fi òmíràn hàn wá. "Ibí ló dé lọ́dún tí wọ́n bí ìyá mi."

Bẹ́ẹ̀ la ń gòkè láti òkúta dé òkúta, títí a fi wọ àárín oko ẹ̀gẹ́ kan, tí a ò tilẹ̀ gbọ́ ìró odò mọ́. Níbẹ̀ ni ìkeje wà.

"Àwọn tó gbé èyí kalẹ̀, a ò mọ orúkọ wọn mọ́," ni Ìyá wí. "Ṣùgbọ́n a mọ ohun tí wọ́n rí."

Orí mi wú. Mo gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n kalẹ̀, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òkúta yẹn fi ìdúró ènìyàn méjì ga ju èèkàn wa lọ. Bàbá Múfú ṣí fìlà lórí. "Subuhánálláhì."

Nígbà tí a padà dé ọ́fíìsì, alága ìjọba ìbílẹ̀ wa ò fẹ́ gbọ́. "Ṣé torí òkúta àwọn abọ̀rìṣà la ó ṣe yí iṣẹ́ padà?"

Bàbá Múfú, tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì, dìde. "Alága, mùsùlùmí ni mí, mi ò bọ òkúta. Àmọ́ ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ ti ń wọn omi, èmi ò lè bá a jiyàn nípa omi."

Alága ti ìwé iṣẹ́ náà padà sí mi. "Ó dáa. Ẹ gbé e lọ sókè."

Òkè odò, níbi tí bèbè méjèèjì ti ga, la kọ́ afárá náà sí. Ní ọdún kejì tí a parí rẹ̀, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin láìdá. Nígbà tó dá láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, èmi àti Bàbá Múfú sáré lọ. Omi ti bo ibi tí a kọ́kọ́ kan èèkàn sí, ó ti kọjá òkúta márùn-ún. Igi ìrókò odindi kan ń yí lọ lójú omi bí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lórí afárá, àwọn ọmọ iléèwé di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń rọra sọdá.

Gbogbo abúlé ló dúró létí bèbè. Mo fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Omídìjí, ṣùgbọ́n wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi. Orúnkún wọn méjèèjì wà nílẹ̀, wọ́n kọjú sí omi bí ìgbà tí ènìyàn bá pàdé àgbà tó ti pẹ́ lájò.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni wọ́n ń wí. "Ẹ káàbọ̀."